Wọn ò gba obìnrin yìí síṣẹ́ ọtí, ló bá fi ìmọ̀ ọtí pípọn ṣe oògùn àtọ̀gbẹ

Ẹni tó bá ti se ẹran líle rí mọ iṣẹ́ tí ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n ń ṣe nínú ìkòkò. Oje funfun ara rẹ̀ yìí wà lára ohun tí Arábìnrin Kiran Mazumdar-Shaw, ọmọ ìlú Bangalore lórílẹ̀-èdè Íńdíà, fi bẹ̀rẹ̀ òwò tó wá di ilé iṣẹ́ oògùn ńlá.

Ọ̀gá apọntí ni bàbá rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ bíà. Òun náà lọ kọ́ iṣẹ́ ọ̀hún ní Ballarat, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Òun nìkan ni obìnrin ní kíláàsì wọn, òun náà ló sì ṣe ipò kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà délé, kò sí ilé iṣẹ́ ọtí tó gbà á sí irú ipò tí bàbá rẹ̀ wà. Wọ́n ní iṣẹ́ ọkùnrin ni.

Ní 1978, oníṣòwò ará Ireland kan, Leslie Auchincloss, ń wá ẹni tí yóò bá dòwò pọ̀ ní Íńdíà. Bí Biocon ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí nínú ilé tí Kiran háyà, pẹ̀lú 10,000 rúpìì. Ẹni ọdún 25 ni. Àwọn báńkì ò fẹ́ yá a lówó, àwọn ènìyàn ò sì fẹ́ kí obìnrin ṣe ọ̀gá wọn. Mẹkáníìkì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ́kọ́ gbà síṣẹ́! Láti ara oje ìbẹ́pẹ ni wọ́n ti ń yọ èròjà tí kì í jẹ́ kí bíà ṣú bó bá tutù. Kò tó ọdún kan tí wọ́n fi ń kó o lọ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù.

Nígbà tó yá ló kọjú sí oògùn. Láyé àtijọ́, inú màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ínsúlìn tí àwọn alátọ̀gbẹ ń gún lábẹ́rẹ́. Ní tiwọn, wọ́n fi àṣẹ tí ara ènìyàn fi ń ṣe ínsúlìn sínú ìwúkàrà, ìwúkàrà náà sì ń ṣe é nínú àgbá, bí ìgbà tí wọ́n ń pọn ọtí. Ọdún 2004 ni èyí bọ́ sọ́jà, ọdún kan náà tí àwọn aráàlú ra ìpín nínú Biocon, tí iye rẹ̀ sì kọjá bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ní 2019, ilé iṣẹ́ náà kéde pé ínsúlìn tí aláìsàn ń lò lójúmọ́ kò ní í tó sẹ́ǹtì 10 owó Amẹ́ríkà láwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀. Iye tí wọ́n pè é nílé iṣẹ́ nìyẹn o. Ó ṣì ku owó ọkọ̀, èrè oníkẹ́mísì, àti fìríìjì tí wọn yóò máa gbé e sí.