Bí Kọ̀ǹpútà Ilé Bá Ń Ṣàìsàn: Ṣé Ká Tún Un Ṣe Ni, Tàbí Ká Pààrọ̀ Ohun Tó Ń Darí Rẹ̀?

Ìgbìmọ̀ tó ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní kí n kọ nǹkan tí yóò wúlò nínú ilé. Mo rò ó títí, mo rí i pé ní ìlú Benin tí a ń gbé yìí, láti Ugbowo dé Sapele Road, ilé tí kò ní kọ̀ǹpútà kan tó jókòó sí igun yàrá, tí àwọn ọmọ ń sọ pé ó ti bàjẹ́, kò pọ̀ láàárín wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bàjẹ́ rárá. Ohun tó ń darí wọn ló ń ṣàìsàn.

Ohun tó ń darí kọ̀ǹpútà yìí ni wọ́n ń pè ní operating system. Windows ni èyí tí púpọ̀ nínú wa mọ̀. Mo fẹ́ fi í wé Akọ̀wé Àgbà ní iléeṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì rí mọ̀ pé Kọmíṣọ́nà lè wá kó sì lọ, ṣùgbọ́n Akọ̀wé Àgbà ló mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà, òun ló ń pín iṣẹ́, òun ló sì ń sọ ẹni tó lè wọlé àti ẹni tí yóò dúró síta. Bí ó bá ṣàìsàn, iṣẹ́ á dúró, ṣùgbọ́n àwọn fáìlì ṣì wà ní rẹ́jísírì. Kò sí ẹni tó máa sọ iná sí rẹ́jísírì nítorí pé ọ̀gá kan ń ṣàìsàn. Àmọ́ ohun tí púpọ̀ nínú àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Bí ẹ bá ti gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Daddy, ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀." Fọ́máàtì á sì kó gbogbo rẹ̀ lọ: àwòrán ìgbéyàwó, iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ tó wà ní yunifásítì, àkọsílẹ̀ owó àjọ. Opó kan ládùúgbò wa pàdánù gbogbo àwòrán ọkọ rẹ̀ lọ́nà yìí, wọ́n sì gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí a tó dá Windows lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ fetí sí ẹ̀rọ náà. Bí nǹkan bá ń dún "kẹ́, kẹ́, kẹ́" nínú rẹ̀, hard disk tí àwọn fáìlì wà nínú rẹ̀ ló fẹ́ kú. Ẹ pa á, ẹ má sì tàn án mọ́ títí ẹni tó mọṣẹ́ yóò fi kó fáìlì jáde. Bí ó bá ń gbóná tó sì ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó lè jẹ́ pé eruku ọyẹ́ ló dí fáànù rẹ̀. Windows tuntun kò lè wo irú àìsàn wọ̀nyí sàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń tàn tó wá ń wọ́ bí ìgbín, tí ojú rẹ̀ ń di búlúù, tí ó ń sọ pé òun kò rí fáìlì kan, tàbí tí ìpolówó ń yọ lójú rẹ̀ láì jẹ́ pé ẹ pè é, Akọ̀wé Àgbà ni ká lọ wò.

Ohun tó sábà ń fa àìsàn yìí lọ́dọ̀ wa ni iná mọ̀nàmọ́ná. Bí iná bá lọ nígbà tí Windows ń kọ nǹkan lọ́wọ́, ìlàjì ni nǹkan ọ̀hún máa ń jẹ́, tó bá sì jí lọ́jọ́ kejì, kò ní mọ ibi tó bá iṣẹ́ dé. Stabilizer kò lè gba èèyàn lọ́wọ́ èyí nítorí kò ní bátìrì. UPS kékeré ló lè ṣe é. Laptop tí bátìrì rẹ̀ ti kú kò sì yàtọ̀ sí kọ̀ǹpútà orí tábìlì.

Kíkó fáìlì jáde ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Kódà bí Windows bá kọ̀ jálẹ̀ tí kò ṣí mọ́, ọ̀nà wà. Ètò kan ń jẹ́ Ubuntu, ọ̀kan lára ìdílé Linux tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ló dá Ubuntu sílẹ̀ ní 2004, ọ̀fẹ́ sì ni. A lè gbé e sórí fíláàṣì, kí kọ̀ǹpútà ti inú fíláàṣì náà ṣí láì fọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ó rí fáìlì yín, ẹ ó sì dà wọ́n sórí hard disk mìíràn. Ọmọ tó bá ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní UNIBEN lè ṣe é láàárín ọ̀sán kan. Ìdíwọ́ kan wà o: àwọn kọ̀ǹpútà tuntun mìíràn máa ń fi BitLocker ti fáìlì pa. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ńbà 48, sábà máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft ẹni tó kọ́kọ́ ṣí ẹ̀rọ náà.

Lẹ́yìn náà ni àtúnṣe. Nínú Windows 10 àti 11, ohun kan wà tó ń jẹ́ Reset this PC, ó sì ní ìlà kan tí wọ́n kọ Keep my files sí. Ó ń gbé Windows kalẹ̀ lákọ̀tun, ó sì ń fi fáìlì yín sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ètò tí ẹ fi kún un yóò lọ. Ẹ dárúkọ ìlà yẹn fún ẹnjiníà yín kí ó tó dárúkọ fọ́máàtì. Kọ̀ǹpútà tí Windows 8 tàbí èyí tó tẹ̀lé e bá wà nínú rẹ̀ láti iléeṣẹ́ tó ṣe é, inú ẹ̀rọ gan-an ni kọ́kọ́rọ́ àṣẹ rẹ̀ sábà máa ń wà, nítorí náà kò sídìí láti ra Windows lẹ́ẹ̀kejì. Ayédèrú tí wọ́n ń fi activator ṣí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ní kí ẹ pa ètò tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì ná. Àlejò tó ní kí ẹ kọ́kọ́ lé ọdẹ yín kúrò lẹ́nu géètì, ẹ mọ irú ẹni tó jẹ́.

Nígbà mìíràn, ìpààrọ̀ ló kù. Ní 14 October 2025 ni Microsoft dẹ́kun àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10, wọ́n sì fi àyè ọdún kan kún un fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀. Windows 11 ń béèrè RAM 4GB, àyè 64GB, àti ohun ààbò kan tó ń jẹ́ TPM 2.0. Ọ̀pọ̀ laptop tokunbo tí à ń rà kò ní gbogbo rẹ̀. Èmi kò rí ìdí tí a ó fi sọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nù nígbà tí Linux lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. LibreOffice tó ń bá a wá ń ṣí ìwé Word, Linux sì ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tó ń kọ ẹ, ọ àti ṣ, èyí tí àwọn ọmọ wa tí a bí síbí nílò. Ẹni tó bá ń fi CorelDRAW ṣe pósítà ìsìnkú ni kò ní gbádùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Linux kì í ṣe tuntun ní Nàìjíríà. Ní 2007, wọ́n pàṣẹ kọ̀ǹpútà Classmate 17,000 fún àwọn iléèwé wa, Linux ti Mandriva láti ilẹ̀ Faransé ni yóò sì wà nínú wọn. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi jáde pé wọ́n fẹ́ fi Windows pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer ti Microsoft, ó bínú gan-an. Àjọ USPF tó ń fi owó sí iṣẹ́ náà wá sọ pé Mandriva ni àwọn yóò lò. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ohun tó ń darí kọ̀ǹpútà ọmọ wa dé ọ̀dọ̀ àwọn ńláńlá.

Ó ku hard disk àtijọ́. Ní 2005, àwọn Basel Action Network láti Amẹ́ríkà wá wo ọjà kọ̀ǹpútà àlòkù ní Èkó, wọ́n ra hard disk níbẹ̀, wọ́n sì rí ìwé àwọn tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ nínú wọn. Lórí irú hard disk bẹ́ẹ̀, fọ́máàtì oníyára kì í pa fáìlì rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ń pa ibi tí a ti ń ka orúkọ wọn rẹ́ ni, wọ́n sì lè wà níbẹ̀ títí nǹkan mìíràn yóò fi gorí wọn. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá ti fọ́máàtì tirẹ̀ láìgbàṣẹ, kó má lò ó mọ́, kó wá ẹni tó lè yọ fáìlì rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ ta kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó yọ hard disk kúrò nínú rẹ̀ kó tó gbé e lọ sọ́jà.