Bí Iṣẹ́ Bá Bọ́ Lọ́wọ́ Ẹni ní Sàngó-Ọ̀tà

Kò sí ẹni tó ń tajà ní ọjà Sàngó tí kò mọ alájọ. Obìnrin tó ń ta gaàrí á fún un ní igba náírà tàbí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lójúmọ́, alájọ á sàmì sí káàdì, nígbà tí oṣù bá sì parí, á kó owó olówó fún un, á yọ ti ọjọ́ kan sápò ara rẹ̀. Ohun mẹ́ta ló di àjọ náà mú: owó, àmì orí káàdì, àti orúkọ tó wà lókè káàdì. Bí alájọ bá gba owó tí kò sàmì, ìjà dé nìyẹn.

Ẹni tó mọ èyí ti mọ ìdajì ohun tó yẹ kó mọ̀ nípa owó tí òfin Nàìjíríà là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A kò ní owó ìrànwọ́ aláìníṣẹ́ bí irú èyí tí àwọn èèyàn wa ń gbà ní London tàbí Houston. Ohun tó sún mọ́ ọn jù wà nínú òfin pẹ́ńṣọ̀n ọdún 2014, àjọ gan-an sì ni. Ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó 15 gbọ́dọ̀ máa yọ náírà 8 nínú 100 owó oṣù òṣìṣẹ́, kí òun náà fi náírà 10 lé e láti àpò ara rẹ̀, kó sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì òṣìṣẹ́ náà kí ọjọ́ iṣẹ́ méje tó kọjá lẹ́yìn ọjọ́ tó sanwó oṣù. Alájọ ti ibí yìí kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní PFA ló ń ṣètò owó náà, ilé iṣẹ́ mìíràn ló ń tọ́jú rẹ̀, PenCom ní Àbújá sì ń ṣọ́ àwọn méjèèjì.

Àjọ yìí, ọjọ́ ogbó ni wọ́n dá a fún. Ṣùgbọ́n òfin ṣí fèrèsé kékeré kan sílẹ̀. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún, ìbáà jẹ́ wọ́n dá a dúró, ìbáà jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá tí kò rí iṣẹ́ mìíràn, ó lè béèrè fún ìdámẹ́rin ohun tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni òfin ti 2004 ní kó dúró tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti lé ní 50, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀, ìfẹ̀yìntì ló máa béèrè fún. (Ibí yìí ni ọjọ́ orí ìwé ti máa ń gbá olówó rẹ̀ létí: ẹni 52 tó fi ọdún mẹ́fà pamọ́ nígbà tó ń wáṣẹ́ ti di ẹni 46 lójú ìwé, kò sì lè sọ fún wọn mọ́ pé òun ti dàgbà.)

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan ń gba 100,000 náírà lóṣù, tí a bá ka owó ilé àti owó ọkọ̀ mọ́ ọn. 8,000 ni tirẹ̀, 10,000 ni ti ọ̀gá, 18,000 ló ń wọlé lóṣù. Ní ọdún mẹ́ta, 648,000 ni, láìka èrè. Ìdámẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 162,000. Mo mọ̀ pé owó yẹn kò lè gbé ìdílé jìnnà lásìkò yìí. Ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ bá fi ti oṣù mẹ́wàá péré ránṣẹ́ nínú ọdún mẹ́ta yẹn, 180,000 ló máa bá níbẹ̀, 45,000 ló sì máa mú relé.

Níbí yìí ni wàhálà tó pọ̀ jù ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló rò pé PFA ló ń dá owó àwọn dúró, nígbà tó jẹ́ pé káàdì ni wọn kò sàmì sí. Ìwé owó oṣù sọ pé wọ́n yọ 8,000, owó náà kò sì dé ibi tó ń lọ. Òfin kò fi ojú kékeré wo èyí. Ilé iṣẹ́ tó bá jẹ owó náà yóò san ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín ní náírà 2 nínú 100 lóṣù lórí ohun tó jẹ, ìtanràn náà sì di gbèsè tó jẹ àkáǹtì òṣìṣẹ́. Láti 2012 ni PenCom ti ń rán àwọn agbowó lọ yẹ ìwé ilé iṣẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ìwé ló ń bá ìwé jà. Ẹni tó bá kó àwọn ìwé owó oṣù rẹ̀ jọ, tó gba ìwé àkáǹtì rẹ̀ lọ́dọ̀ PFA, tó kọ lẹ́tà sí PenCom, ó ní ohun tó máa tọ́ka sí. Ẹni tó kàn lọ ń pariwo lẹ́nu gétì kò ní nǹkan kan.

Ó sì dára kéèyàn mọ gétì ẹni tí òun máa lọ. Ẹni tó ti ọwọ́ ejẹ́ńsì wọlé, ejẹ́ńsì yẹn ló sábà máa ń jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lójú òfin bí wọ́n bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú àdéhùn. Ẹ̀rọ tó ń dúró tì nílé iṣẹ́ ẹlòmíràn fún ọdún márùn-ún lè má jẹ́rìí fún un.

Orúkọ tún ń kó bá àwọn obìnrin wa ju ọkùnrin lọ. Orúkọ bàbá ni obìnrin fi ṣí àkáǹtì pẹ́ńṣọ̀n, orúkọ ọkọ ló fi gba NIN, ti báńkì sì da méjèèjì pọ̀. Kí wọ́n tó sanwó, á lọ wá ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbúra kóòtù àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn. Àtúnṣe yìí rọrùn nígbà téèyàn ṣì ń gba owó oṣù. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bọ́, owó ọkọ̀ láti Ojú-Ọ̀rẹ́ lọ sí Ìkẹjà nìkan ti di ìnira.

Lẹ́tà tó sọ pé iṣẹ́ ti bọ́ ló kù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, GlaxoSmithKline kéde pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, Procter & Gamble, tó ṣí ilé iṣẹ́ ńlá sí Àgbárá ní 2017, ní òun kò ní máa ṣe ọjà níbí mọ́, òun á kàn máa kó o wọlé. Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni Àgbárá àti Ọ̀tà. Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tó wà lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò kì í kéde ní tiwọn, gétì ni wọ́n máa ń tì. Kásúà, òṣìṣẹ́ ojúmọ́, á dé láàárọ̀, máìgádì á ní kó máa lọ sílé, kò sí lẹ́tà. Bẹ́ẹ̀ lẹ́tà yẹn ló ń fi ọjọ́ tí oṣù mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ hàn. Òfin iṣẹ́ ní kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn kó tó pé oṣù mẹ́ta tó gbà á, ṣùgbọ́n àwọn kan ti ṣe kásúà fún ọdún mẹ́jọ tí wọn kò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì jẹ́ kí wọ́n tọ́ka òun sí NSITF: ẹni tó fara pa tàbí tó kú lẹ́nu iṣẹ́ ni ti ibẹ̀ wà fún.

Nígbà tí àbúrò wa ní òkè òkun bá wá sọ pé òun ń gba owó aláìníṣẹ́, a máa ń rò pé ìjọba ló ń ta á lọ́rẹ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe àjọ. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin rẹ̀ ní 1911, àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, àwọn tó ń kọ́lé àti àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ dá, ọ̀gá dá, ìjọba dá, gbogbo rẹ̀ wọ inú àpò kan. Láti oṣù kìíní 1913, ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ń gba ṣílè 7 lọ́sẹ̀, kò sì ju ọ̀sẹ̀ 15 lọ lọ́dún.  Tiwa yàtọ̀: owó ara ẹni lèèyàn ń jẹ, ọjọ́ ogbó rẹ̀ ló sì ń jẹ ẹ́ lára.

Ọ̀nà owó òkè òkun náà ń há. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè fún owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní Universal Credit ń dúró kó tó rí owó àkọ́kọ́. Bí kò bá lè dúró, wọ́n á yá a, wọ́n á sì máa yọ ọ́ padà díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2020, nígbà tí kòrónà lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní Amẹ́ríkà, Phil Murphy, tó jẹ́ gómìnà New Jersey nígbà náà, jáde wá ń bẹ ẹni tó bá gbọ́ COBOL pé kó wá ran àwọn lọ́wọ́. Èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ní 1959 ni, òun sì ni ẹ̀rọ tó ń sanwó aláìníṣẹ́ ṣì ń sọ nígbà náà. Owó wà, ọ̀nà tó máa gbà jáde ló há.

Ní South Africa, òṣìṣẹ́ ń dá rand 1 nínú 100, ọ̀gá rẹ̀ ń dá 1, sínú àpò tí wọ́n ń pè ní UIF. Láti oṣù kẹrin 2003 ni wọ́n ti fi àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń fọṣọ tó ń gbálẹ̀ nílé onílé kún un. Ní Ọ̀tà, kásúà tó ń kó ike lẹ́nu ẹ̀rọ mọ́jú lè má ní nọ́ńbà àkáǹtì pẹ́ńṣọ̀n (PEN) rárá títí tó máa fi béèrè, béèyàn sì mọ̀ pé wọ́n lè ní kóun má wá lọ́la, kì í tètè béèrè.