Ọmọ Ogun Olójé: Ohun Ìṣeré Tí Àgbà Ń Kó Jọ

Ìlú Nuremberg ní Jámánì ni iṣẹ́ ọmọ ogun onírin kéékèèké ti kọ́kọ́ gbilẹ̀, ṣùgbọ́n William Britain ará Lọ́ńdọ̀nù ló yí ọjà náà padà ní 1893. Ọ̀nà tó gbà nìyí: wọ́n á da òjé yíyọ́ sínú mọ́ọ̀dù. Bí ìta rẹ̀ bá ti dì, kíá ni wọ́n á da ìyókù jáde. Inú ère á ṣófo, òjé tí wọ́n lò á dín, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀. Ère wọ̀nyí kì í sábà ga ju mìlímítà 54 lọ. Nítorí májèlé inú òjé, ilé iṣẹ́ Britain ṣíwọ́ ṣíṣe wọn ní 1966.

Fún àwọn tó ń kun ère tuntun fúnra wọn, kíkùn ní ọ̀dà ni adùn ibẹ̀ gan-an. Wọ́n á fi ayùn ìrẹ́rin rẹ́ ojú ìpàdé mọ́ọ̀dù, wọ́n á fi ọṣẹ fọ ère, wọ́n á sì fi ọ̀dà funfun ṣe ìpìlẹ̀. Ojú ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ kùn. Ẹyinjú kò ju ẹ̀kán dúdú méjì lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á pọ́n díẹ̀. Bí ère bá jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀wù pupa rẹ̀ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà bẹ́líìtì funfun, níbi tí ọwọ́ gbígbọ̀n ti ń tú àṣírí ọ̀gbẹ̀rì. Fáníìṣì ló kẹ́yìn, nítorí pé ère tó tẹ̀ lé àṣà àtijọ́ gbọ́dọ̀ máa dán. Kò pọn dandan kó jọ ènìyàn gidi.

Ère tó ti pẹ́ kì í gba àtúnkùn. Bí ọ̀dà rẹ̀ tilẹ̀ ti ṣí, òun náà ni olùkójọ ń wá, pàápàá tí páálí rẹ̀ bá ṣì wà. Ibi gbígbẹ ni kí a tọ́jú rẹ̀ sí, torí ọ̀rinrin ń sọ òjé di ìyẹ̀fun eérú. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kó fọwọ́ kó tó jẹun.