Ṣé orúkọ Oboabona yẹ nínú ìwé àwọn akọni bọ́ọ̀lù l'Óǹdó?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ kan lónìí. Bí wọ́n bá bi àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù l'Ákùúrẹ́ pé ta ló gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún Nàìjíríà lọ́dún 2013, Sunday Mba ni púpọ̀ nínú wọn máa kọ́kọ́ dárúkọ. Wọn ò jẹ̀bi, Mba ló gbá góòlù kan ṣoṣo tó wọlé lọ́jọ́ àṣekágbá. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí l'Ákùúrẹ́ gan-an wà nínú àwọn mọ́kànlá tó bẹ̀rẹ̀ eré lọ́jọ́ náà. Godfrey Oboabona lorúkọ ẹ̀, ẹ̀yìn ló sì dúró sí. Ìbéèrè wa ni pé, bí wọ́n bá fẹ́ to orúkọ àwọn akọni, ṣé tiẹ̀ tó o wọ̀ ọ́?

Àwọn ará Amẹ́ríkà mọ irú ẹjọ́ yìí dá. Ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Cooperstown, wọ́n ní ilé tí wọ́n ń to orúkọ àwọn akọni eré baseball sí, Hall of Fame ni wọ́n ń pè é. Baseball yìí, bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n ń fi igi gbá ni. Ọ̀nà tó gbajúmọ̀ jù tí wọ́n ń gbà wọ ibẹ̀ ni pé kí èèyàn ti ṣeré fún sáà mẹ́wàá ó kéré tán, kí àwọn akọ̀ròyìn eré náà wá dìbò. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ò bá fọwọ́ sí i, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí.

Lọ́dún 2002, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ozzie Smith wọlé. Kì í ṣe pé ó mọ bọ́ọ̀lù fi igi gbá kọjá ọgbà o, ìgbà 28 péré ló ṣe bẹ́ẹ̀ ní sáà 19. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó dúró láàárín pápá, kí bọ́ọ̀lù tí àwọn yòókù bá gbá má lè kọjá lára ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá ni wọ́n fún un ní ìbọ̀wọ́ wúrà nítorí iṣẹ́ yìí.

Ẹ ò wá rí i pé bí ọ̀rọ̀ ọwọ́ ẹ̀yìn ṣe rí nínú bọ́ọ̀lù tiwa náà nìyẹn? Bó dènà nígbà ọgọ́rùn-ún, kò sẹ́ni tó máa ṣàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá yẹ̀, gbogbo ìlú ló máa bú u.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ Oboabona. Oṣù kẹjọ, ọdún 1990 ni wọ́n bí i. Òun ni balógun Sunshine Stars, ẹgbẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó, lásìkò tí ẹgbẹ́ náà dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nínú Champions League ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 2012. Al Ahly ti Íjíbítì ló dá wọn dúró. Mẹ́ta sí mẹ́ta ni wọ́n gbá a n'Íjẹ̀bú-Òde, nígbà tí wọ́n dé Cairo, ẹyọ góòlù kan ló là wọ́n. Al Ahly yẹn náà ló gba ife ọ̀hún nígbẹ̀yìn, kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹpẹrẹ ló lù wọ́n.

Ibẹ̀ ni Stephen Keshi ti mú un. Àwọn kan ń fi Keshi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn pé ó ń kó àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé lọ síbi tí ọ̀rọ̀ ti le. Lọ́jọ́ kẹta, oṣù kejì, ọdún 2013, wọ́n pàdé Côte d'Ivoire, Didier Drogba àti Yaya Touré wà níbẹ̀. Oboabona àti Kenneth Omeruo, tí kò ju ọmọ ọdún 19 lọ, ló wà láàárín ẹ̀yìn. Méjì sí ọ̀kan la fi nà wọ́n. Nígbà tí àṣekágbá fi máa bẹ̀rẹ̀, Joseph Yobo tó jẹ́ balógun ikọ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì, ọmọ tí wọ́n bí l'Ákùúrẹ́ ló wà ní pápá. Eré mẹ́fà ni Nàìjíríà gbá, góòlù mẹ́rin péré ló wọlé wa. Ọdún 19 la ti ń retí ife yẹn.

Ṣùgbọ́n ká má fi ìfẹ́ bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Ìgbà ẹ̀ nínú Super Eagles kò gùn. Ọdún 2013 yẹn náà ló lọ sí Rizespor ní Tọ́kì. Nígbà tó di ife àgbáyé lọ́dún 2014, kò tíì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fi ṣèṣe nínú eré wa pẹ̀lú Iran, tí Yobo sì rọ́pò ẹ̀. Yobo gbá tó 100 eré fún Nàìjíríà. Keshi gba ife náà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù, ó tún gbà á gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì. Bó bá jẹ́ ilé akọni gbogbo Nàìjíríà ni, tí wọ́n sì fún èmi ní ìwé ìdìbò, mi ò ní tíì tẹ̀ka fún Oboabona.

Ti ìpínlẹ̀ Oǹdó ńkọ́? Ibí yìí lọ̀rọ̀ wà. Àwọn kan á ní orúkọ ẹ̀ ò dún bí orúkọ Àkúrẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi King Sunny Adé wò ó. Òṣogbo ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1946, ṣùgbọ́n ọmọ ìdílé ọba l'Óǹdó ni, kò sì sí ará Oǹdó tó máa gbà pé kì í ṣe tàwọn. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi gbà á. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tó láti fi gba ọmọ, ṣé ibi tí wọ́n bí èèyàn sí, àti ibi tó ti làágùn, kò wá tó ni? Aṣọ Sunshine ló wọ̀, orúkọ Àkúrẹ́ ló gbé kiri Áfíríkà.

Ohun mìíràn tún wà. Gìtá Sunny ni gbogbo ayé ń gbọ́, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn bá sùn lọ, orin dàrú nìyẹn. Ẹni tó ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni ọwọ́ ẹ̀yìn.

Lóòótọ́, Ààrẹ Goodluck Jonathan fún àwọn agbábọ́ọ̀lù 2013 ní oyè MON, mílíọ̀nù márùn-ún náírà àti ilẹ̀ l'Ábùjá. Ṣùgbọ́n owó á tán. Ọmọ tí kóòṣì bá ní kó lọ dúró sẹ́yìn lónìí, yálà l'Ákùúrẹ́ ni tàbí l'Óǹdó, ojú ẹ̀ á kọ́rẹ́ lọ́wọ́, nítorí ó ti rí i pé ẹni tó ń gbá góòlù wọlé nìkan la máa ń rántí. Yinni yinni, kẹ́ni ó lè ṣèmíì.

Ìdìbò tèmi rèé: ti Nàìjíríà, kò tíì tó. Ti ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó tó, ó tún ṣẹ́ kù. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ gàdàgbà sára ògiri pápá ìṣeré Àkúrẹ́, kí wọ́n sì kọ iṣẹ́ tó ṣe síwájú ẹ̀: ó dènà.