Owó Ẹyọ, àti Ohun Tí Ó Sọ Owó Di Owó

Kí ni owó? Ẹni tí a bá bi ní ìbéèrè yìí lè mú náírà jáde kí ó sì wí pé, "Òun nìyí." Ṣùgbọ́n bébà kọ́ ni owó, bẹ́ẹ̀ ni fàdákà kọ́. Ohun tí gbogbo ọjà bá gbà pé a lè fi ra nǹkan, tí kò sì pọ̀ bí iyanrìn, òun ni owó. Ìtàn owó ẹyọ ní ilẹ̀ Yorùbá fi èyí hàn gbangba.

A kì í ṣa owó ẹyọ ní etí òkun tiwa. Láti erékùṣù Maldives ní Òkun Íńdíà ni ó ti wá, láti ọ̀rúndún 16 sì ni ọkọ̀ àwọn Potogí ti ń kó o wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó yẹ fún owó nítòótọ́: kì í jẹrà, kòkòrò kì í jẹ ẹ́, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi tètè di yanturu. Àwọn baba wa a máa sín 40 sí okùn kan. Okùn 50 jẹ́ ẹgbàá, èyíinì ni 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni 20,000, ẹrù odindi ènìyàn kan.

Láti 1845 ni àwọn oníṣòwò Hamburg, ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹyọ irú mìíràn wá láti Zanzibar. Ó tóbi ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó pọ̀ lọ́hùn-ún, owó díẹ̀ ni wọ́n sì fi ń rà á. Wọ́n fi í ra epo pupa lọ́wọ́ wa, wọ́n sì jèrè púpọ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ ohun tí ó tẹ̀lé e. Nígbà ìkórè, bí àgbàdo bá kún ọjà, iye rẹ̀ a wálẹ̀. Èdè wa pàápàá jẹ́rìí sí i: ohun tí ó ṣọ̀wọ́n, a ní ó wọ́n, ohun tí iye rẹ̀ ga, a ní ó wọ́n pẹ̀lú. Bí ó ti rí fún àgbàdo ni ó rí fún owó ẹyọ. Ní òpin ọ̀rúndún 19, odindi ẹgbàá kò ju sísì kan lọ, ọ̀kẹ́ kan sì di ṣílè márùn-ún. Ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ẹyọ jọ sínú ìkòkò, olè kò jà á, iná kò jó o. Ẹyọ rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti lọ.

Lẹ́yìn náà ni owó àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọjà, àti àníní tí ó ní ihò láàrin, tí a lè sín bí ẹyọ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù January 1973, náírà rọ́pò pọ́n-ùn, náírà méjì fún pọ́n-ùn kan. Ara owó yí padà. Òfin rẹ̀ kò yí padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe ka iye owó yín nìkan. Lọ́dọọdún, kí olúkúlùkù wo iye iṣu tàbí àpò àgbàdo tí owó tí ó fi pamọ́ lè rà. Bí ó bá dín sí ti èṣí, owó náà ń jò bí agbè tí ó lu. Ẹ fi èyí tí ẹ óò ná láìpẹ́ sọ́wọ́. Nínú ìyókù, ẹ ra irúgbìn, ẹ ra ewúrẹ́, ẹ san owó ilé-ìwé ọmọ. Ẹ̀yin akápò ìjọ pẹ̀lú, bí a bá ń dáwó òrùlé, ẹ máa ra páànù bí owó ti ń wọlé. Ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ yóò pé.