Fíìmù dúdú-àti-funfun wo ló dára jù? Àwọn àgbà Rẹ́mọ fàáké kọ́rí ní Ṣàgámù

Bí ẹ bá fẹ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn àgbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún nílẹ̀ Rẹ́mọ, ẹ má wulẹ̀ fẹnu kan ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ẹ kàn bi wọ́n pé nínú gbogbo fíìmù àti eré tí wọ́n wò kí àwọ̀ tó dé sínú tẹlifíṣàn, èwo ló dára jù. Ohun tí mo ṣe nìyẹn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ní Ṣàgámù, díẹ̀ ló sì kù kí n sùn síbẹ̀.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, lọ́nà Sábó, níbi tí àwọn oníṣòwò obì gbàǹja pọ̀ sí. Èèyàn márùn-ún ló máa ń jókòó síbẹ̀ tí oòrùn bá ti rọlẹ̀: bàbá onírédíò fúnra rẹ̀, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, màmá kan tó ti ta aṣọ fún ogójì ọdún, bàbá kan láti Òde-Rẹ́mọ, àti Àlùhájì kan tó jẹ́ pé obì ni bàbá tirẹ̀ náà ń kó láti Ṣàgámù lọ sí Kánò. Wọ́n ní mo lè kọ ohun tí wọ́n sọ, ṣùgbọ́n kí n má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, káwọn ọmọ wọn má baà máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbàlagbà ń jà nítorí fíìmù. Mo gbà fún wọn.

Èmi ni mo sì fa ọ̀rọ̀ náà. Mo rí àpótí pákó kan nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó ní ilẹ̀kùn kékeré méjì níwájú, wọ́n gbé aago lé e lórí. Mo bi bàbá onírédíò bóyá inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ló ń kó irin iṣẹ́ rẹ̀ sí. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn náà, gíláàsì tẹlifíṣàn yọ sí mi. Ó ní èmi tí mo ní mo kàwé gboyè nípa iṣẹ́ ìròyìn, n kò mọ tẹlifíṣàn bí mo bá rí i. Kí n sọ òótọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, ojú tì mí díẹ̀. Láti orí tẹlifíṣàn tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ yìí ni wọ́n ti bọ́ sórí ohun tí wọ́n wò nínú irú rẹ̀.

Òfin ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ ṣe. Tíṣà ní fíìmù tí wọ́n yà ní dúdú-àti-funfun nìkan ni kí wọ́n kà mọ́ ọn. Lójú ẹsẹ̀ ni màmá aláṣọ ní òun kò gbà. Bonanza, eré àwọn kábọ̀ì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni màmá fẹ́ràn jù nígbà tó wà ní ọmọge. Aláwọ̀ ni wọ́n ya eré náà ní Amẹ́ríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ ní 1959, ṣùgbọ́n ta ló rí àwọ̀ kankan níbẹ̀ ní Ṣàgámù? Tẹlifíṣàn tó wà nílùú nígbà náà kò mọ̀yàtọ̀ pupa sí àwọ̀ ewé. Màmá ní eérú ni gbogbo ẹṣin inú eré náà jọ lójú òun, gbogbo ewéko ibẹ̀ náà sì jọ eérú, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún òun lónìí pé fíìmù aláwọ̀ lòun wò.

Bàbá onírédíò ni wọ́n fi ṣe adájọ́, bóyá nítorí pé òun ló ni àga. Ó ní bí ojú ṣe rí i ni kí wọ́n fi ṣe é. Bonanza wọlé. Ṣùgbọ́n òfin kan náà yìí ló lé àwọn míì jáde. Ẹnì kan dá Aiyé tí Hubert Ògúndé ṣe ní 1979 lábàá, wọ́n ní gbọ̀ngàn sinimá ni gbogbo ayé ti wò ó, àwọ̀ rẹ̀ sì hàn kedere. Ọ̀run Móoru ti Bàbá Sàlá náà, 1982, kò ríbi wọlé. Èyí tó dun tíṣà jù ni Kongi's Harvest, fíìmù ọdún 1970 tí Ossie Davis ọmọ Amẹ́ríkà darí, tí Wọlé Ṣóyínká sì kó ipa Kongi nínú rẹ̀. Ará Ìsarà Rẹ́mọ ni bàbá Ṣóyínká, tíṣà sì fẹ́ kí Rẹ́mọ rí tiwọn mú. Àlùhájì rán an létí pé Ṣóyínká fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò lọ́wọ́ sí fíìmù náà mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n gé e bí wọ́n ṣe fẹ́. Wọ́n gbé ìyẹn tì.

Kí á tó máa bọ̀, ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ tó bá ń ka ìwé ìròyìn yìí fún àwọn òbí wọn mọ̀ pé kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ sọ ìtàn tẹlifíṣàn nílẹ̀ yìí tí kò ní dárúkọ Rẹ́mọ. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni Prẹ́míà Ìwọ̀-Oòrùn nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, ọdún 1959. Ìbínú wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ní 1953, gómìnà òyìnbó, John Macpherson, bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó sọ̀rọ̀ sí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ Action Group. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fèsì lórí rédíò yẹn kan náà, wọ́n ní kò lè ṣeé ṣe. Nígbà tí agbára wá dé ọwọ́ rẹ̀, ó dá tirẹ̀ sílẹ̀, kì í sì í ṣe ohùn nìkan, ó fi àwòrán kún un. Àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ń pe ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Mòrókò ní 1954. N kò jẹ́ sọ ìyẹn níwájú tíṣà.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ ń gbé eré jáde ní WNTV ni Ṣẹ́gun Olúṣọlá, ọmọ Ìpẹru Rẹ́mọ, ẹni tó di aṣojú Nàìjíríà ní Ethiopia lẹ́yìn náà, tó sì kú ní 2012. Òun ló wà nídìí The Village Headmaster, eré tó bọ́ sórí tẹlifíṣàn NBC ní Èkó ní 1968, tí kò sì kúrò níbẹ̀ fún ogún ọdún. Ìlú àròsọ kan tí wọ́n ń pè ní Ọjà ni ìtàn náà ti ń ṣẹlẹ̀. Déjùmọ̀ Lewis ni Kábíyèsí. Ted Mukoro ló kọ́kọ́ ṣe ọ̀gá ilé ìwé, Fẹ́mi Robinson gbà á, Justus Esiri ló ṣe é kẹ́yìn. Obìnrin kan sì wà níbẹ̀ tí kì í fi ẹnu mọ́ ẹnu, Amebo ni wọ́n ń pè é. Láti inú eré yìí ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe olófòófó ní amebo títí di òní, àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀ láì mọ ibi tó ti wá.

Nígbà tí wọ́n dárúkọ Village Headmaster ni bàbá Òde-Rẹ́mọ, tí kò tíì sọ̀rọ̀ rárá láti ìgbà tí mo ti dé, ṣí fìlà. Ó ní ẹjọ́ ti parí. Ẹ ṣe rí i, Fúnṣọ́ Adéolú ló ṣe Olóyè Ẹléyinmí nínú eré náà, ìjòyè tí ẹnu rẹ̀ mú, tó máa ń yọ Kábíyèsí lẹ́nu. Nígbà tó yá, Fúnṣọ́ Adéolú yìí kan náà gorí ìtẹ́ ní Òde-Rẹ́mọ, ó di Ọba Adéolú, Aláyé-Òde. Bàbá ní kí wọ́n sọ eré mìíràn fún òun, ní Nàìjíríà tàbí ní òkè òkun, tí ìjòyè inú tẹlifíṣàn ti di ọba tòótọ́. Ó ní nígbà tí Kábíyèsí wà láyé, àwọn àgbà kan máa ń gbàgbé ara wọn, wọ́n á fẹ́ rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó dọ̀bálẹ̀. Ẹnu wa kò gba nǹkan kan sọ fún bí ìṣẹ́jú kan.

Màmá aláṣọ ló fọhùn. Ó ní òun kò bá Ẹléyinmí jà, ṣùgbọ́n èdè òyìnbó ni wọ́n ń sọ nínú eré náà, wọ́n á kàn bu Yorùbá díẹ̀ lé e bí ẹni bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Àwọn méló ló gbọ́ ọ nígbà náà? Ilé tíṣà ni tẹlifíṣàn wà, inú ilé sì ni àwọn tó gbọ́ òyìnbó máa ń jókòó sí. Ojú fèrèsé ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun máa ń dúró sí, ẹ̀fọn á máa jẹ wọ́n lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ tí Aláwàdà bá wà nìkan ni ojú fèrèsé àti inú yàrá máa ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Mósè Ọláìyá, Bàbá Sàlá tó kú ní 2018, kò ní láti sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá ti jáde pẹ̀lú táì ọrùn tó tóbi bí abẹ̀bẹ̀ àti ìgò ojú gbàgìgbàgì rẹ̀, ó parí. Màmá ní àwọn ìgbà mìíràn wà tí àwọn ará ojú fèrèsé ń rẹ́rìn-ín tí àwọn ará inú ilé ń sọ pé kí wọ́n dákẹ́, àwọn kò gbọ́ nǹkan kan. Tíṣà kò rí èsì fọ̀. Ó ní òun kò mọ̀ pé màmá ń dúró sí ojú fèrèsé ilé òun nígbà yẹn. Màmá ní báwo ló ṣe máa mọ̀, nígbà tí kò bojú wẹ̀yìn.

Lójú tèmi, inú ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo àríyànjiyàn ìrọ̀lẹ́ náà wà. Ọ̀rọ̀ ibi tí oníkálukú dúró sí láti wò ó ni, ju ọ̀rọ̀ eré fúnra rẹ̀ lọ.

Ti Àlùhájì kò pẹ́. Fíìmù Íńdíà ló mú, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wọn ṣe rò. Àwọn ará Lẹ́bánónì tó ni ilé sinimá ní Kánò ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fíìmù Íńdíà níbẹ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1960, ibẹ̀ ló sì ti wò wọ́n nígbà tó ń bá bàbá rẹ̀ kó obì lọ. Ó kọ́kọ́ pe Mother India, wọ́n ní aláwọ̀ ni. Ó pe Awaara, ti Raj Kapoor àti Nargis, 1951. Ìyẹn dúdú-àti-funfun lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tó wò ó nínú wọn, ìbò kan péré ló rí.

Bàbá onírédíò, adájọ́, ní òun náà ní tòun. Nígbà tó wà ní ọmọdé, mọ́tò sinimá ìjọba máa ń wá sí pápá ilé ìwé, wọ́n á ta aṣọ funfun, wọ́n á kọ́kọ́ fi bí wọ́n ṣe ń pa ẹ̀fọn àti bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ṣáláńgá hàn wọ́n. Nítorí kí èèyàn má baà sá lọ, wọ́n á wá fi Charlie Chaplin sí i. Kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kò sí òyìnbó, kò sí Yorùbá, ìyá àgbà àti ọmọ ọwọ́ ló ń gbọ́ ọ. Ó ní nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti kà sílẹ̀, èyí nìkan ni kò ní ojú fèrèsé, torí gbangba ni wọ́n ti ń wò ó. Màmá mi orí sí i.

Ibi tí ó ti di iṣu ata yán-an-yàn-an ni ọ̀rọ̀ My Father's Burden. Eré tí Ṣóyínká kọ ni, Olúṣọlá ló darí rẹ̀, WNTV sì gbé e jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 1960, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Tíṣà ní òun wò ó ní ilé ẹ̀gbọ́n bàbá òun ní Ìbàdàn, òun sì fi í sípò kìn-ín-ní. Bàbá Òde-Rẹ́mọ ní irọ́ ni, pé ọmọdé ni tíṣà nígbà náà, bóyá ló tíì mọ ohun tó ń jẹ́ tẹlifíṣàn. Ó ní kó sọ ìtàn rẹ̀ káwọn gbọ́. Tíṣà bẹ̀rẹ̀, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó rántí aṣọ tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó rántí pé wọ́n pa iná yàrá. Ìtàn eré náà kò wá.

Kò sì sí ẹni tó lè sáré lọ wò ó wá láti fi dá wọn lẹ́jọ́. Ní ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ eré tẹlifíṣàn ló ń lọ sí afẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ti ń ṣe é, bí ó bá ti parí, ó parí nìyẹn. Àwọn èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ pàápàá, téèpù wọ́n gógó, wọ́n a sì máa pa ti àná rẹ́ láti fi gba ti òní. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan o. BBC ní Lọ́ńdọ̀n pa ọ̀pọ̀ eré ọdún 1960 tiwọn rẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń wá wọn kiri títí di ìsinsìnyí.

Mo yọ fóònù mi jáde, mo wá Chaplin lórí rẹ̀, kò pẹ́ tó fi yọ. Àwọn àgbà márààrún sì kó orí jọ sórí gíláàsì kékeré yẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé oníbúrẹ́dì tó ń kọjá lọ yà wá wò. Lẹ́yìn náà ni bàbá Òde-Rẹ́mọ ní kí n wá Ẹléyinmí fún òun, kì í ṣe ti ìgbà aláwọ̀, ti 1968 gan-an. Mo wá a títí, n kò rí i.

Wọ́n dìbò. Aláwàdà rí méjì, Village Headmaster rí méjì nígbà tí tíṣà pa ìbò rẹ̀ dà, Awaara rí ọ̀kan. Adájọ́ tó fẹ́ràn Chaplin ló fi ìbò tirẹ̀ gbe Aláwàdà, ó ní òun kò fẹ́ kí màmá bínú. Bàbá Òde-Rẹ́mọ ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ó ní kí n padà wá, òun máa sọ eré Ẹléyinmí kan fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ó tó délẹ̀ ni màmá ti já a nídìí, ó ní fìlà tó ní Ẹléyinmí dé lọ́jọ́ náà kọ́ ló dé. Wọ́n ṣì wà lórí fìlà nígbà tí mo wọ mọ́tò.