Ẹṣin, Ọmọ Ogun àti Ìwé Ìnṣọ́ránsì: Ta Ni Yóò San Owó Ìtọ́jú?

Gbogbo ẹni tó bá ti dé Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá ló mọ Ojúde Ọba. Láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ níbí àti láti gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni a ti máa ń lọ wo àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń lọ kí Awùjalẹ̀, tí a sì máa ń wo àwọn ìdílé Balógun àti Ẹléṣin lórí ẹṣin wọn. Àwọn Mùsùlùmí ìgbà náà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba tó fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Ẹṣin tí àwọn ìdílé náà ń gùn ń rán wa létí pé jagunjagun ni àwọn baba ńlá wọn. Nínú Àlùkùránì pàápàá, Súrà Al-Ádiyát bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbúra tí Ọlọ́hun fi ẹṣin tó ń sáré búra.

Ẹṣin àti ọmọ ogun ti wà pa pọ̀ tipẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì gbọ́ ni pé ní àwọn ilẹ̀ kan, wọ́n ń fi ẹṣin tọ́jú ọmọ ogun tó ti ojú ogun dé, yálà ara rẹ̀ ni ogun bà jẹ́ ni tàbí ọkàn rẹ̀. Ìdílé tó ní ọmọ ogun pọ̀ láàrin wa, àwọn kan sì ní ọmọ nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, a fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ìtọ́jú yìí jẹ́, ìdí tí ìnṣọ́ránsì kì í fi sábà san owó rẹ̀, àti ohun tí ìdílé ọmọ ogun ní ọ̀dọ̀ wa lè rí gbà nínú ìwé ìnṣọ́ránsì tó wà lọ́wọ́ wọn.

Báwo ni ẹṣin ṣe ń ṣe ìtọ́jú?

Ọ̀nà méjì ló wà, ó sì yẹ kí á yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó ti bẹ̀rẹ̀.

Èkíní wà fún ara. Bí ẹṣin bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́, ìgbésẹ̀ rẹ̀ a máa mi ìbàdí ẹni tó gùn ún síwájú sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì, sókè sódò, gẹ́gẹ́ bí ìbàdí ṣe máa ń mì nígbà tí èèyàn bá ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Iṣan ẹ̀yìn àti ti ikùn yóò máa ṣiṣẹ́ kí onítọ̀hún má baà ṣubú. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára mọ́ yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í mọ bí a ṣe ń dúró ṣánṣán. Oníṣègùn físíò ló ń darí rẹ̀. Ẹnìkan á di okùn ẹṣin mú, ẹlòmíràn á máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn. Obìnrin ará Denmark kan, Lis Hartel, ni àpẹẹrẹ tí àwọn èèyàn máa ń tọ́ka sí. Àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ kọlù ú ní 1944, ẹsẹ̀ rẹ̀ láti orúnkún sísàlẹ̀ sì rọ. Ó padà sórí ẹṣin, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà nínú ìdíje Òlíńpíìkì ní Helsinki ní 1952.

Èkejì wà fún ọkàn. Nínú èyí, aláìsàn lè má gun ẹṣin rárá. Yóò máa fọ̀ ọ́, yóò máa gbọn irun rẹ̀, yóò máa fà á rìn, olùtọ́jú ọkàn á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹran tí ẹranko mìíràn máa ń pa jẹ ni ẹṣin, nítorí náà ó tètè ń fura. Bí èèyàn bá wá a pẹ̀lú ariwo àti ìbínú, yóò sá sẹ́yìn. Bí onítọ̀hún bá mí kanlẹ̀, tó rọ ọwọ́ àti ohùn rẹ̀, ẹṣin náà á sún mọ́ ọn. Ọmọ ogun tí ìró ìbọn kò tíì kúrò ní etí rẹ̀, tó ń ta gìrì lóru, tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú ènìyàn, lè ti ibẹ̀ kọ́ bí òun ṣe lè kó ara òun ní ìjánu. Àrùn yìí ni àwọn dókítà ń pè ní PTSD: ìpayà tó máa ń bá èèyàn gbé lẹ́yìn tí ewu ti kọjá.

Ìdí tí ìnṣọ́ránsì kì í fi sábà san án

Kí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tó sanwó ìtọ́jú kan, ohun mẹ́ta ni ó máa ń béèrè. Ǹjẹ́ ẹ̀rí wà pé ìtọ́jú náà ń ṣiṣẹ́? Ǹjẹ́ ẹni tó ń ṣe é ní ìwé àṣẹ ìṣègùn? Ǹjẹ́ orúkọ ìtọ́jú náà wà nínú àkójọ ohun tí a bá oníbàárà ṣe àdéhùn lé lórí?

Ní ti ẹ̀rí, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Columbia ní ìlú New York gbé èsì jáde ní 2021 lórí ọmọ ogun 63 tí wọ́n ní PTSD, tí wọ́n fi ẹṣin tọ́jú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ara ọ̀pọ̀ nínú wọn balẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n wọn kò ní àwùjọ mìíràn tí wọn kò fi ẹṣin tọ́jú, tí wọn ì bá fi wọ́n wé. Irú èyí ni ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì máa ń wò, tí wọ́n á sọ pé ẹ̀rí kò tíì tó.

Ní ti ìwé àṣẹ, ní Amẹ́ríkà, bí ó bá jẹ́ oníṣègùn físíò ló lo ẹṣin gẹ́gẹ́ bí irinṣẹ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ìnṣọ́ránsì kan lè san owó iṣẹ́ físíò náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ ọ́ sórí ìwé owó pé ẹṣin ni ìtọ́jú náà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni kì í san án. Èyí ni ìdí tí ó fi yẹ kí ìdílé béèrè ṣáájú pé kí ni wọn yóò kọ sórí ìwé, kí wọ́n sì gba èsì ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ní kíkọ sílẹ̀ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀.

Nítorí àlàfo yìí, ọ̀nà mìíràn ni owó fi ń wọlé. Àjọ tó ń bójú tó àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní VA, máa ń fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìtọ́jú ẹlẹ́ṣin ní owó ìrànwọ́, kí ọmọ ogun lè lọ láìsan kọ́bọ̀. Ní Scotland, ẹgbẹ́ aláàánú HorseBack UK ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti 2009. Ní England, ètò Op COURAGE lábẹ́ NHS wà fún ìtọ́jú ọkàn àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó bá ní ọmọ níbẹ̀, kó sọ fún un.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́?

Kò yẹ kí a rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Ní 1944, nígbà tí àwọn ọmọ wa ń jagun ní Burma, ni wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ sí Lantoro ní Abẹ́òkúta. Ní 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro. Ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn, kí wọ́n máa gba oògùn, kí wọ́n sì máa ṣe iṣẹ́ oko. Gbogbo ayé ló wá kọ́gbọ́n níbẹ̀ pé ilé, iṣẹ́ àti èèyàn rere wà lára ìtọ́jú ọkàn. Ohun tí àwọn òyìnbó ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin, ó ní ìbátan pẹ̀lú ohun tí a ti ṣe ní Ìpínlẹ̀ Ògùn yìí.

Ní ti ìnṣọ́ránsì, òfin tó dá àjọ NHIA sílẹ̀ ní 2022, ní ipò NHIS àtijọ́, sọ pé kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ìnṣọ́ránsì ìlera. Fún àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, orí omi àti òfurufú pẹ̀lú ìdílé wọn, Defence Health Maintenance Limited, ìyẹn DHML, ló ń bójú tó o. Fún àwa yòókù ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, àjọ OGSHIA wà. Ìtọ́jú ẹlẹ́ṣin kò sí nínú àkójọ ohun tí ètò ìjọba ń san. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹṣin tí kò sí níbẹ̀ fi ìwé náà sínú àpótí. Bí ẹ ṣe máa lò ó nìyí.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ wò bóyá orúkọ gbogbo ẹni tó yẹ wà níbẹ̀. Nínú ètò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ìwé kan ló ń gba òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì tàbí ìyàwó ẹni tó ti kú sójú ogun, kó lọ béèrè ipò tí orúkọ rẹ̀ wà, kó má dúró de ọjọ́ àìsàn.

Ẹ̀kejì, ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ sínú ìwé yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Bí ó bá yẹ kí aláìsàn rí dókítà ọpọlọ tàbí oníṣègùn físíò, ibẹ̀ ni wọn yóò ti kọ ìwé ránṣẹ́, tí wọn yóò sì gba kóòdù àṣẹ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Ẹni tó bá gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá láìní kóòdù, àpò ara rẹ̀ ni yóò fi san án.

Ẹ̀kẹta, ẹ béèrè iye ọjọ́ tí wọ́n ń san fún bí wọ́n bá dá aláìsàn dúró, oògùn tó wà nínú àkójọ, àti iye tí ẹ máa fi kún un. Nínú ètò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, aláìsàn máa ń san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn.

Ìtìjú ló ń pa ìdílé

Ẹ jẹ́ kí á wo sájẹ́ǹtì kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ogun àríwá ìlà-oòrùn. Kì í sùn, ó ń nà àwọn ọmọ, ó ti dá irun jámáà dúró. Ìyàwó rẹ̀ ń fi pamọ́ kí àwọn ará àdúgbò má baà sọ pé ọkọ òun ti ya wèrè. Wọ́n á ta ilẹ̀, wọ́n á gbé owó fún ẹni tó ní àlùjànnú ló ń dà á láàmú, nígbà tí ìwé ìnṣọ́ránsì wà nínú ilé. A kò ní kí ẹ má ka Àlùkùránì sí aláìsàn lára. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ló kọ́ wa pé kí á gbàdúrà, kí á sì wá oògùn. Ṣùgbọ́n ẹ má de èèyàn mọ́lẹ̀. Òfin ìlera ọpọlọ tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023, tó rọ́pò òfin wèrè ti 1958, dáàbò bo ẹ̀tọ́ aláìsàn.

Àwọn kan á béèrè pé ǹjẹ́ ìnṣọ́ránsì tọ́ nínú ẹ̀sìn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ sí ti oníṣòwò, kó béèrè nípa takáfúlù, níbi tí àwọn èèyàn ti ń dá owó jọ láti ran ara wọn lọ́wọ́. Àjọ NAICOM ti gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀ láti 2013. Kó sì bi àáfà tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Bí ẹ bá sún mọ́ ẹṣin

Yálà ní Ojúde Ọba ni tàbí níbi ìtọ́jú, ẹ má dúró sí ẹ̀yìn ẹṣin, nítorí kò rí ibẹ̀ dáadáa, ó sì lè ta èèyàn ní ìpá. Kòkòrò tó ń fa ipá akọ, tí òyìnbó ń pè ní tetanus, a máa wà nínú ìgbẹ́ ẹṣin àti erùpẹ̀ ibùjẹ rẹ̀. Ẹni tó bá ní egbò, kó fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kó bò ó, kó sì rí i pé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Ẹ pààrọ̀ aṣọ tí ìgbẹ́ bá kàn kí ẹ tó ṣe àlùwàlá kírun. Ọmọ tó ní ikọ́ ẹ̀fúùfù, kó jìnnà díẹ̀ sí irun àti eruku rẹ̀.

Ẹni tó gbé ìbọn nítorí ààbò wa, kò yẹ kó padà wá sílé kó di ẹrù tí ìyàwó rẹ̀ nìkan ń gbé. Kí á bẹ̀ ẹ́ wò, kí á bá a ka ìwé ìnṣọ́ránsì rẹ̀, kí á sì tẹ̀lé e dé ilé ìwòsàn. Kí Ọlọ́hun fún gbogbo aláìsàn ní ìwòsàn, kó sì fi ara àti ọkàn balẹ̀ jíǹkí àwọn ìdílé wa. Àmín.